Orúnkún Àgbàlagbà, Iṣẹ́ Abẹ àti Ọ̀ràn Sùúrù

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá wa láìní olùrànlọ́wọ́, tí ó sì ń ṣọ́ wa láìsùn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, mo gba ara mi níyànjú, mo sì gba ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ó kọjá, ìyá wa kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà jáde. Ìyá yìí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ti ń ta aṣọ lọ́jà, tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ìsọ̀ wá kí ìrun Àìlà àti ìrun Àlàásárì pẹ̀lú wa lójoojúmọ́. Nísinsìnyí, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni a ń rí i. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi ọkọ̀ gbé e wá, tí yóò sì dì í lápá mú títí yóò fi rí ibi jókòó. Ó sọ fún mi pé dókítà ti wo àwòrán orúnkún òun méjèèjì. Ó ní ti ọ̀tún ti jẹ tán, kò sì sí oògùn tí ó lè dá a padà. Bí òun bá fẹ́, wọn yóò gé ibi tí ó ti bàjẹ́ kúrò, wọn yóò fi irin àti ike rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Èyí tí ó wà ní ìlú òyìnbó ní òun yóò sanwó. Àkọ́bí tí ó wà nílé ní kí ìyá ní sùúrù, pé ara àgbà ni, pé Ọlọ́hun yóò san án fún un ní ọ̀run. Àbígbẹ̀yìn, obìnrin, kò sọ nǹkan kan. Ìyá wá bi mí pé: “Áfáà, bí mo bá jẹ́ kí wọ́n yọ eegun tí Ọlọ́hun fi dá mi, tí wọ́n fi irin sí ipò rẹ̀, ṣé n kò ní di aláìmoore lọ́dọ̀ Rẹ̀? Bí n kò bá sì ṣe é, tí mo jókòó sójú kan títí ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò fi gbà mí, ṣé kì í ṣe èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ara mi mọ́lé?”

N kò dá ìyá lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti dá ẹnì kan lóhùn kíákíá rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Bàbá kan ni. Ìgbáròkó ni ó ń dùn ún. Ó bi mí bóyá kí òun tẹ̀lé ohun tí àwọn dókítà wí. Mo wá rántí hádíísì tí Usamah ọmọ Sharik gbà wá, níbi tí àwọn ará oko ti bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn bí àwọn bá ń ṣàìsàn. Ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn, nítorí pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò fi oògùn rẹ̀ lélẹ̀, àyàfi ẹyọ kan. Wọ́n bi í pé èwo ni, ó sì dá wọn lóhùn pé ọjọ́ ogbó ni. Mo sọ fún bàbá pé, “Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ọjọ́ ogbó ni èyí, kò ní oògùn.” Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ sílé. Fún nǹkan bí ọdún méjì, ó ń lo oògùn apanilára tí ó ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ilé, lójoojúmọ́, láìsí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, títí ikùn rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n ní kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé ara rẹ̀ kò lè gba ọ̀bẹ mọ́. Bàbá kò bá wa dúró lórí sáàfù mọ́ títí ó fi jáde láyé.

Ìdajì hádíísì ni mo fún bàbá yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àṣẹ pé kí á tọ́jú ara wa. Mo fi àṣẹ yẹn pamọ́, mo gbé ìyàsọ́tọ̀ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé n kò tilẹ̀ bi ara mi bóyá ohun tí ó ń ṣe bàbá ni ọjọ́ ogbó ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Níbi tí eegun méjì bá ti pàdé ní oríkèé, Ọlọ́hun fi ohun kan tí ó rọ̀, tí ó ń yọ̀, bo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Nínú irú làkúrègbé tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àgbà, ohun rírọ̀ yìí ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí eegun yóò fi máa gún eegun. Ọjọ́ orí wà lára ohun tí ó ń fà á, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Sísanra jù wà níbẹ̀, ọgbẹ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí a fi ń kúnlẹ̀ tí a fi ń gbé ẹrù wúwo wà níbẹ̀, ìdílé tí a ti wá náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní àrùn ẹ̀jẹ̀ SS ń bẹ láàrin wa, tí orí eegun itan wọn ń kú nígbà tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ẹni àádọ́rùn-ún ọdún sì wà ní àdúgbò yìí tí wọ́n ṣì ń gun àkàsọ̀. Bí ohun kan bá lè mú ọmọ ogún ọdún, tí ó sì lè fo ẹni àádọ́rùn-ún ọdún dá, a kò lè sọ pé òun ni ọjọ́ ogbó. Àìsàn tí ó ń bá ọjọ́ ogbó rìn ni. Ẹni méjì tí ó jọ ń rìn kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, hádíísì yẹn ṣì ń bá wa wí ní ọ̀nà mìíràn. Kò sí iṣẹ́ abẹ tí ó ń sọ àgbà di ọmọdé. Súúrà Rúúmù kọ́ wa pé láti inú àìlera ni Ọlọ́hun ti dá wa, Ó fún wa ní agbára, Ó sì tún dá wa padà sínú àìlera àti ewú. Ẹni tí ó bá lọ sórí ibùsùn abẹ nítorí kí ó lè padà di ẹni ogójì ọdún, ìjákulẹ̀ ni yóò bá jí.

Ní ti iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun àná. John Charnley, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ọ̀nà tí a ń lò lónìí fún ìgbáròkó lélẹ̀ ní ilé ìwòsàn Wrightington ní 1962. Ti orúnkún tẹ̀lé e láìpẹ́. Nínú ti orúnkún, wọn a gé pẹlẹbẹ kékeré kúrò lórí eegun itan àti lórí eegun ojúgun, wọn a fi irin bò wọ́n bí a ti ń fi adé bo eyín, wọn a sì fi ike líle kan sáàrin wọn kí wọ́n lè máa yọ̀. Nítorí náà, ìyá wa, wọn kò yọ ẹsẹ̀ yín jù sílẹ̀ o. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nínú 100 orúnkún tí a pààrọ̀ pátápátá ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, nǹkan bí 82 ni ó ṣì wà ní ipò rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ti ìgbáròkó jẹ́ nǹkan bí 58. Fún ẹni àádọ́rin ọdún, èyí túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kí irin náà bá a dé ilé ìkẹyìn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ ìyẹn nìkan fún yín, ìdajì ni òun náà fún yín. Nínú ènìyàn márùn-ún tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún, ó tó ẹnì kan tí yóò sọ lẹ́yìn náà pé ara kò tù òun tó bí òun ti rò, tàbí pé ìrora ṣì ń bẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnì kan tàbí méjì ni kòkòrò àrùn ń wọ ojú iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì le, nítorí pé nígbà mìíràn wọn yóò tún irin náà yọ. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò bá sí ní ìkáwọ́, ewu tirẹ̀ pọ̀ sí i.

Nísinsìnyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá bi mí: ṣé ìwà àìmoore ni? Ṣé ẹni tí ó bá pààrọ̀ orúnkún rẹ̀ ń bá kádàrá Ọlọ́hun jà?

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Umar ọmọ Khattab ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ìròyìn àjàkálẹ̀ àrùn sì kàn án lọ́nà. Ó pinnu láti padà. Abu Ubaydah bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Umar dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ti ń sá lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó wá fi àpẹẹrẹ darandaran kan hàn án tí ó dé àfonífojì tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní koríko, tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì gbẹ: níbikíbi tí ó bá da ràkúnmí rẹ̀ sí, kádàrá Ọlọ́hun ni. Orúnkún tí ó jẹ, kádàrá ni. Ọwọ́ dókítà tí ó mọ bí a ti ń tún un ṣe, kádàrá náà ni. N kò mọ ìdí tí a fi máa ń ka ìrora kún iṣẹ́ Ọlọ́hun, tí a ó sì ka ìmọ̀ ìwòsàn kún iṣẹ́ òyìnbó.

Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù lọ ni ìtàn Arfajah ọmọ As'ad. Wọ́n gé imú rẹ̀ ní ogun Kulab, ní ayé àìmọ̀kan. Ó fi fàdákà ṣe imú mìíràn, ṣùgbọ́n fàdákà náà ń rùn sí i lára. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá pàṣẹ fún un pé kí ó fi wúrà ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèwọ̀ ni wúrà fún ọkùnrin nínú ẹ̀sìn wa. Ẹ sì wò ó, Arfajah kò ní kú bí kò bá ní imú. Ó ń mí, ó ń jẹun, ó ń kírun. Ìnira àti ìtìjú ni imú wúrà yẹn mú kúrò lára rẹ̀, Ànábì kò sì wí fún un pé kí ó ní sùúrù pẹ̀lú òórùn títí di ọ̀run. Bí a bá yọ̀ǹda ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ nítorí imú, kí ni a ó sọ nípa irin tí kì í ṣe èèwọ̀, nítorí ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi ń rìn?

Nítorí náà, ìyá wa, kò sí àìmoore níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tíì dìde. Apá kejì ìbéèrè náà ni ó ṣòro: ṣé ẹni tí kò bá ṣe é ti ṣẹ̀? Àwọn onímọ̀ kò sọ ohun kan náà lórí ìtọ́jú ara. Nínú mẹ́sáàbù Imam Malik tí àwọn bàbá wa ń tẹ̀lé, ohun tí a yọ̀ǹda ni, ẹni tí ó bá wù kí ó ṣe é. Àwọn ọmọlẹ́yìn Imam Shafi'i ní ó dára kí a ṣe é. A sì gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Imam Ahmad pé ẹni tí ó bá lè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbáralé Ọlọ́hun, ó dára fún un bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ Fíkíhì àgbáyé tí ó jókòó ní Jeddah ní 1992 sọ pé ó di ọ̀ranyàn bí fífi í sílẹ̀ yóò bá pa ènìyàn tàbí tí yóò ba ẹ̀yà ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan fi èyí rọ̀ mọ́ orúnkún. Ní tèmi, n kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀ranyàn ń wá níbi tí ìwòsàn ti dájú tí ìparun náà sì dájú. Iṣẹ́ abẹ tí ó ní ewu tirẹ̀, tí ẹnì kan nínú márùn-ún kì í gbádùn tó, fún ẹni tí kò ní tìtorí orúnkún kú, kò tíì dé ibẹ̀. Ìpinnu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ara.

Ẹ̀rí èyí ni obìnrin aláwọ̀ dúdú tí Ibn Abbas fi han Ata, tí ó ní ọmọ Alíjánnà ni. Wárápá ń gbé e ṣubú. Ó tọ Ànábì lọ pé kí ó bá òun ṣe àdúà. Ànábì fi ọ̀nà méjì síwájú rẹ̀: bí ó bá wù ú, kí ó ní sùúrù, kí Alíjánnà jẹ́ tirẹ̀, bí ó bá sì wù ú, òun yóò bẹ Ọlọ́hun kí ó wò ó sàn. Obìnrin náà yan sùúrù. A máa ń ka ìtàn yìí nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí a kì í sọ. Èkíní, òun ni wọ́n bi. Wọn kò bi ọkọ rẹ̀, wọn kò bi ọmọ rẹ̀, wọn kò bi àwọn tí yóò náwó. Èkejì, lẹ́yìn tí ó ti yan sùúrù tán, ó ṣì bẹ ẹ̀bẹ̀ kan. Ó ní aṣọ máa ń ṣí lára òun nígbà tí wárápá bá dé, kí Ànábì bá òun bẹ Ọlọ́hun kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀. Ànábì sì ṣe àdúà náà fún un. Ó lè fara da àìsàn. Kò fẹ́ kí a rí ìhòòhò òun.

Nígbà tí mo rántí ibí yìí, mo padà lọ bá ìyá nílé ní ọjọ́ Àìkú. Mo bi í pé, “Màmá, kí ni ẹ fẹ́ fi orúnkún náà ṣe?” Ó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ máa forí kanlẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìjókòó lórí àga ń fẹ́ kí orúnkún ṣẹ́ tó nǹkan bí díígírì 90. Ọ̀pọ̀ orúnkún tuntun a máa dé 110 tàbí 120. Ìjókòó àtáyá lórí gìgísẹ̀ ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Dókítà kì í sábà ka kíkúnlẹ̀ léèwọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í lè ṣe é mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí tí kì í tù wọ́n lára. Ó ṣeé ṣe kí a pààrọ̀ orúnkún tán, kí ìyá ṣì máa kírun lórí àga. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ìforíkanlẹ̀ nìkan ni, kò sí ìdí láti fi ara wewu, nítorí Ànábì ti sọ fún Imran ọmọ Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà láàmú, pé kí ó kírun ní ìdúró. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A sì gbà wá pé ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le ni a ó máa kọ sílẹ̀ fún un nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn. Ẹni tí ó fi àádọ́ta ọdún forí kanlẹ̀, Ọlọ́hun kò gbàgbé iwájú orí rẹ̀.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ òótọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní lóru, bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n òun, òun kò lè dá dìde lọ sí ilé ìwẹ̀. Òun ní láti pe àbígbẹ̀yìn. Nígbà mìíràn kí ó tó dé, ó ti bọ́. Ó ní òun kì í mu omi mọ́ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo jókòó síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè wí. Ẹ̀bẹ̀ obìnrin onísùúrù yẹn ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá tún sọ fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ pé kí ó ní sùúrù, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí sùúrù náà ń ná an lóru.

Mo fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbí. Sùúrù jẹ́ ìjọsìn ẹni tí ara ń ro. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò fẹ́ náwó lè bá a ṣe. Bí o kò bá ní owó, sọ pé o kò ní owó; kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹni lọ fún ẹni. Ṣùgbọ́n má ṣe fi hádíísì bo àpò rẹ. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ní ilẹ̀ wa, àpò ẹbí ni owó iṣẹ́ abẹ yìí sábà ti ń wá, mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọmọ yín ni a ó fi ṣe é, tàbí owó tí a yá pẹ̀lú èlé, ẹ má fi omijé àti orúkọ ìyá mú ọmọ yín sí i. Ṣíṣe rere sí òbí jẹ́ ọ̀ranyàn. Kíkó ọmọ sínú gbèsè tí ó ní èlé kò sí lára ohun tí òbí lẹ́tọ̀ọ́ sí. Bí ẹ bá sì ní ilẹ̀ tí ẹ lè tà, tiyín ni nígbà tí ẹ wà láàyè. Kò tíì di ogún. Ọmọ tí ó bá ń bínú pé ẹ ta ilẹ̀ láti lè rìn, ikú yín ni ó ń dúró dè.

Ẹlòmíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í bi. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́, Ọlọ́hun yóò san án fún un. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìyá lọ sí ilé ìwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ta ni yóò máa mú un ṣe eré ìdárayá tí àwọn onífisiotẹ́rápì bá kọ́ ọ, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìrora, nígbà tí ìyá bá ń sọ pé kí a fi òun sílẹ̀? Orúnkún tí a kò bá ṣe eré ìdárayá rẹ̀ yóò le gan-an bí igi, owó náà yóò sì ṣègbé. Nínú ilé ìyá yìí, àbígbẹ̀yìn tí kò sọ nǹkan kan ni iṣẹ́ náà yóò já lé léjìká. Mo bi ìyá bóyá ó ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, pé ọmọ òun ni, kò lè kọ̀. Mo ní nítorí pé kò lè kọ̀ gan-an ni ó fi yẹ kí á bi í.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù tí mo fẹ́ yára sọ, nítorí ẹ máa ń bi mí. Lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, èyí tí à ń pè ní heparin àti àwọn tí a yọ láti ara rẹ̀, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni a ti ń mú un jáde. Oògùn mìíràn wà tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ẹ bi dókítà kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá ní èyí nìkan ni ó bá ara yín mu, ẹ gbà á, ìnira ń sọ èèwọ̀ di ìyọ̀ǹda. Nígbà tí ojú iṣẹ́ abẹ kò bá tíì gbọdọ̀ kan omi, ẹ fi ọwọ́ tútù pa orí aṣọ ọgbẹ́ nínú àlùwàlá. Ní ti ìwẹ̀ òkú, a kì í yọ irin náà. Ànábì kọ̀ kí á ṣẹ́ eegun òkú bí ó ti kọ̀ kí á ṣẹ́ ti alààyè.

Kí ẹ tó dé ibi ọ̀bẹ rárá, ẹ ti gbìyànjú àwọn ohun tí ó rọrùn bí? Kílò kan tí ènìyàn bá dín kù lára rẹ̀ ń gbé nǹkan bí kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Eré ìdárayá tí ń fún iṣan itan ní agbára máa ń dín ìrora kù. Ọ̀pá ìtilẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Ànábì Musa ní ọ̀pá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé máa ra àgbo oríkèé lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé e kiri inú ọkọ̀. A ti rí àgbo tí wọ́n lọ oògùn bíi dexamethasone tàbí prednisolone sí nínú: ìrora á lọ lọ́jọ́ kejì, eegun àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti Istikhara, mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń lọ sanwó fún áfáà kí ó bá wọn “wò ó” bóyá iṣẹ́ abẹ yóò yọrí sí rere. Ìyẹn kì í ṣe Istikhara. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò kí ìrun ráká méjì fúnra rẹ̀, lórí àga bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì bẹ Ọlọ́hun kí ó yan èyí tí ó dára fún òun. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ sí lẹ́yìn tí ó ti gba ìmọ̀ràn àwọn tí ó mọ iṣẹ́. Kò sí àlá tí ẹ gbọ́dọ̀ lá.

Ìyá wa, ẹ jókòó láàrin wa lónìí. Ìdáhùn tí mo jẹ yín ní gbèsè nìyí: ẹ kò di aláìmoore bí ẹ bá ṣe é, ẹ kò ṣẹ̀ bí ẹ kò bá ṣe é. Ẹ bi dókítà bí orúnkún náà yóò ti ṣẹ́ tó, ẹ bi í ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí kò bá dára, ẹ bá àbígbẹ̀yìn yín sọ̀rọ̀. Kí Ọlọ́hun fi èyí tí ó sàn jù sí yín lọ́kàn. Àmín.

*Àfikún:* Nígbà tí a ń tẹ ìwé yìí, ìyá ránṣẹ́ sí mi. Ó ti bá àbígbẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Olùkọ́ ni, ó sì ní òun kò lè ráyè kí ìdánwò ìparí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, òun yóò wà nílé fún oṣù méjì gbáko. Ọmọ tí ó wà nílé ti gbà láti ra àga tí ó níhò fún ìyá, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ lóru. Ìyá kò tíì sọ bóyá òun yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní òun ti ń mu omi ní àṣálẹ́. Ó sì ní kí á bá òun wá àga tí ó ní apá sí ẹ̀gbẹ́ sáàfù àwọn obìnrin, pé èyí tí ó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kí òun rí ohun dì mú dìde.